Bí a bá fi kọnkéré tẹ́ gọ́tà dé odò, ta ló máa gba ìdọ̀tí rẹ̀?

Ará-Ìsàlẹ̀-Odò béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ni mo gbé wá, ẹ má sì rẹ́rìn-ín, torí ó ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Orí òkè ni àdúgbò wa wà, odò kékeré kan sì wà nísàlẹ̀. Gọ́tà kan ṣoṣo ló gba àárín ilé kọjá. Bí òjò bá ti rọ̀, gbogbo ohun tó wà lójú títì ló ń bọ́ sínú rẹ̀: ọ́ìlì láti ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì tó wà lókè, omi ọṣẹ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, iyanrìn ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, ìgbẹ́ ajá, ọ̀rá, ewé. Ilé tèmi ló kángun sódò, èmi ni mo sì ń rí ohun tó ń dé ibẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dá, omi odò á dúdú, ojú rẹ̀ á máa dán yinrin, ìfófó funfun á wà léti rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹja kéékèèké á ti léfòó.

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn àgbà ní ká dá owó jọ, ká fẹ gọ́tà náà, ká sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ láti òkè títí dé odò, kí omi lè máa yára lọ. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi obìnrin kan ṣoṣo ni mo dìde béèrè pé ìdọ̀tí ńkọ́. Bàbá kan dá mi lóhùn pé omi tó ń ṣàn kì í dọ̀tí, pé odò á gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Mi ò gbà, ṣùgbọ́n mi ò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi já a.

Ṣé òótọ́ ni pé gọ́tà tó yára ló dára jù? Bí kì í bá ṣe òótọ́, kí ni àwa tí a kì í ṣe ìjọba, tí a ò sì ní ẹ̀rọ kankan, lè ṣe sí omi náà kó tó débẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nǹkan tí mo lè gbé lọ sípàdé. Ẹ má wulẹ̀ ní ká máa tọ́jú àyíká wa. A ti gbọ́ ìyẹn títí ó fi sú wa.

Bàbá-Páìpù fèsì pé:

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Iṣẹ́ ojú àgbàrá ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tó sì máa ń bí mi nínú jù ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń sẹ́ omi gọ́tà kó tó wọ odò. Kò sí. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń fi páìpù gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ, níbi tí irú rẹ̀ bá wà. Gọ́tà òjò kì í dé ibẹ̀. Àwọn ìlú àtijọ́ kan da méjèèjì pọ̀ sínú páìpù kan, ṣùgbọ́n bí òjò bá pọ̀ jù, páìpù á kún, gbogbo rẹ̀ á sì tú sódò, ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá dà sí gọ́tà, odò ló dà á sí. Òjò tó máa gbé e ló kù.

Ẹ bá mi bi bàbá tó ní odò á gbé e lọ pé, ibo ló máa gbé e lọ? Àwọn kan ń gbé nísàlẹ̀ tiyín náà.

Ẹja tí ẹ ń rí lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ jẹ́ ẹ̀rí tó dára, ẹ mẹ́nu bà á nípàdé. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, eruku taya, èérún irin láti ara bíréèkì, ọ́ìlì àti ìgbẹ́ ẹran máa ń kó jọ sójú títì. Òjò tó bá kọ́kọ́ rọ̀ á gbá gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí òjò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, omi gọ́tà á mọ́ díẹ̀, torí ohun tó kù lójú títì kò pọ̀ mọ́. Ìyẹn ni pé kò pọn dandan kí ẹ dá gbogbo òjò dúró. Bí ẹ bá rí ti ìbẹ̀rẹ̀ mú, ẹ ti mú èyí tó burú jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Bí òjò mílímítà 1 bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì gùn ní mítà 1, lítà omi 1 nìyẹn. Ẹ mú òrùlé tó gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10. Òjò mílímítà 25 á da lítà 3,000 sílẹ̀ láti orí ilé yẹn nìkan, òjò mílímítà 25 kì í sì í ṣe òjò tí ẹnikẹ́ni ń sọ ìtàn rẹ̀. Ẹ wá ka iye òrùlé tó wà lórí òkè yín. Nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, ilẹ̀ ló ń mu èyí tó pọ̀ jù nínú omi yìí. Àwọn tó ń wádìí odò ti rí i pé bí òrùlé, títì àti kọnkéré bá ti bo nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ilẹ̀ tó ń ṣàn sí odò kékeré, odò náà á ti máa fi ìbàjẹ́ hàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ gọ́tà oníkọnkéré. Omi tó ń sáré máa ń gbé ohun tó wúwo; bó bá rọra ń lọ, iyanrìn àti ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ iyanrìn á rì sílẹ̀. Bí omi tó ń sáré bá dé odò, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí odò. Ẹ̀yin tí ilé yín kángun sí i lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó wà lókè ni irú gọ́tà bẹ́ẹ̀ dára fún.

Ẹ má bá àwọn àgbà yín bínú jù ṣá o. Àwọn ìjọba ńlá náà pẹ́ kí wọ́n tó lóye rẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣe òfin omi mímọ́ ní 1972, páìpù ilé-iṣẹ́ àti ti omi ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n dojú kọ. Ó di 1987 kí wọ́n tó fi omi òjò ìlú kún un, ó di 1990 kí ìlànà tó kan àwọn ìlú tí èrò wọn tó 100,000 tó jáde, àwọn ìlú kéékèèké sì dúró títí di 1999. Ẹ lè mú ẹni tó ni páìpù ilé-iṣẹ́. Ta lẹ fẹ́ mú fún àgbàrá?

Omíyalé fèsì pé:

Èmi náà wà ní ìpàdé yẹn, mo sì wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ẹja. Ní tèmi, omi wọ yàrá, ó ba bẹ́ẹ̀dì jẹ́, ó ba ìwé àwọn ọmọ jẹ́. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Èmi ni onílé, mi ò sì gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe gọ́tà, kí omi ráyè kọjá. Bí ó bá ti kọjá tán, kí ẹni tó bá fẹ́ gbin òdòdó lọ gbìn ín.

Bàbá-Páìpù fèsì pé:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Omíyalé. Ẹni tí omi wọ ilé rẹ̀ ló mọ bó ṣe rí, mi ò sì sọ pé kí wọ́n má ṣe gọ́tà. Gọ́tà gbọ́dọ̀ wà fún òjò ńlá. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ẹ bá fẹ gọ́tà òkè láìdín omi tó ń wọ inú rẹ̀ kù, gbogbo omi òkè á dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ibì kan bá wà nísàlẹ̀ tó tóóró, abẹ́ afárá tàbí ojú páìpù, ibẹ̀ ni omi á ti padà sẹ́yìn. Ilé ta ló wà níbẹ̀?

Ìṣòro tiyín yìí gan-an, ìyẹn omi tó ń wọlé, ni orílẹ̀-èdè Ṣáínà fẹ́ kápá nígbà tí wọ́n yan ìlú 16 ní 2015 láti sọ wọ́n di ìlú tó ń fa omi mu bíi kànrìnkàn. Wọ́n ṣe títì tí omi lè gbà kọjá, wọ́n gbẹ́ adágún, wọ́n gbin koríko sí ibi tó rì. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí ìdá 80 nínú 100 ilẹ̀ ìlú lè máa gba ìdá 70 nínú omi òjò wọn dúró tàbí kí wọ́n tún un lò tó bá di 2030. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ nítorí ẹja. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ló ń dín ìdọ̀tí kù.

Mi ò ní tan yín o. Ní ogúnjọ́ oṣù keje 2021, òjò mílímítà 201.9 rọ̀ láàárín wákàtí kan ní Zhengzhou, ìlú kan tó ti náwó púpọ̀ sórí iṣẹ́ yìí, omi sì bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Kò sí ọgbà tó lè mu ìyẹn. Òjò ojoojúmọ́ ni ọgbà àti koríko wà fún, òjò yẹn náà ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí ọdún wọ odò. Gọ́tà ló wà fún èyí tó kù.

Ọlọ́gbà fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n ti ṣí ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n wọlé. Iṣẹ́ ọgbà ni mò ń ṣe, mo sì máa ń gbẹ́ ọgbà òjò fún àwọn ènìyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní Prince George's County, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn tó ń kọ́ ilé tuntun ò fẹ́ gbẹ́ adágún ńlá fún omi òjò.

Ilẹ̀ tó rì díẹ̀ ni, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20 péré. A ó darí omi òrùlé tàbí ti ojú àgbàlá sí i, a ó sì gbin àwọn ewéko tí gbòǹgbò wọn jinlẹ̀, tó lè fara da ẹrẹ̀ àti ọ̀gbẹlẹ̀. Ìdọ̀tí á dúró lókè, omi á wọlẹ̀, àwọn ohun alààyè tín-tìn-tín inú erùpẹ̀ á sì máa jẹ èérí ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀. Èérí ni mo wí o. Bí ẹ bá da kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì sí i, gbogbo ewéko ibẹ̀ ló máa kú.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ṣọ́bìrì fún ọgbà, ẹ kọ́kọ́ dán ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó lọ tán. Ti àkọ́kọ́ yìí ò ka nǹkan, torí ilẹ̀ gbígbẹ máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ tún pọn omi kún un, kí ẹ wá ri igi bọ inú rẹ̀ láti fi wọn bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ ní wákàtí kan. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 1, amọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ wá ibòmíràn, tàbí kí ẹ kó amọ̀ náà kúrò, kí ẹ fi iyanrìn àti ewé tó ti jẹrà dípò rẹ̀. Kí ọgbà náà fi bí i mítà 3 jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé, kó má sì sún mọ́ kànga tàbí ṣalangá rárá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ni gbogbo ènìyàn máa ń fi dá mi dúró. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹyin ẹ̀fọn tó di ẹ̀fọn tó ń fò. Bí omi ọgbà bá gbẹ láàárín ọjọ́ méjì, ẹ̀fọn ò lè dàgbà níbẹ̀. Ẹ lọ wo gọ́tà tó ti dí, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ń gbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń da ajílẹ̀ sí koríko nígbà tí òjò ṣú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Odò ni ajílẹ̀ yẹn ń lọ bọ́. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń bo ojú omi ló ń jẹ ẹ́, tó fi ń pọ̀ sí i. Ní oṣù kẹjọ 2014, wọ́n sọ fún àwọn tó ń mu omi ìlú Toledo ní Ohio, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn, pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ, torí irú nǹkan aláwọ̀ ewé bẹ́ẹ̀ ti tú májèlé sínú adágún Erie. Bí wọ́n bá se omi náà, ńṣe ni májèlé ọ̀hún á tún ki sí i. Ajílẹ̀ oko ló pọ̀ jù nínú ohun tó fa ìyẹn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n omi ò béèrè bóyá oko ni tàbí ojúlé.

Ọ̀gá-Ẹ́ńjìnnì fèsì pé:

Mo rí i pé mẹkáníìkì lẹ kọ́kọ́ dárúkọ. Mẹkáníìkì ni mí. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú wa ń da ọ́ìlì àlòkù sílẹ̀, mi ò sì ní gbè wọ́n. Àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé ọ́ìlì tí wọ́n fà lára mọ́tò kan ṣoṣo lè ba gálọ́ọ̀nù omi mímọ́ mílíọ̀nù kan jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ wa, alẹ́ ni wọ́n á máa dà á. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí kalẹ̀ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì wá ẹni tó ń ra ọ́ìlì àlòkù láti tún un sẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má da pẹtiróòlù tàbí omi rédíétọ̀ tí wọ́n ń pè ní coolant mọ́ ọn, torí ẹni tó ń rà á ò ní gbà á mọ́. Omi rédíétọ̀ ní tirẹ̀ máa ń dùn lẹ́nu ẹranko, ó sì ń pa ajá.

Bí ọ́ìlì bá dà sílẹ̀, ẹ má fi omi ṣàn án. Ẹ da ìyẹ̀fun igi tàbí iyanrìn gbígbẹ lé e, ẹ jẹ́ kó fà á mu, kí ẹ gbá a sínú àpò. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífọ mọ́tò: orí koríko ni kẹ́ ẹ ti máa fọ̀ ọ́, kì í ṣe orí títì. Àwọn ènìyàn ń fi ọṣẹ tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń jẹrà yangàn. Kó tó jẹrà, ó ti bọ́ ohun tó bo sísà ẹja, ìyẹn ibi tí ẹja fi ń mí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin onímọ́tò má di gbogbo rẹ̀ lé wa lórí. Ní 2020, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ohun tó ń pa ẹja coho, irú ẹja salmon kan, nínú àwọn odò ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn òjò. Láti ọdún pípẹ́ ni ẹja wọ̀nyí ti ń kú kí wọ́n tó yé ẹyin, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń fi sínú taya kí ó má bàa tètè sán ni. Bó bá pàdé afẹ́fẹ́ ozone, á yí padà di nǹkan mìíràn tí wọ́n ń pè ní 6PPD-quinone. Gbogbo ẹni tó ń wa mọ́tò ló ń fọ́n ọn sójú títì, ẹni tó ń gbé ọkọ̀ wá fún mi àti ẹni tí kò gbé e wá.

Ará-Ìsàlẹ̀-Odò fèsì pé:

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀gá-Ẹ́ńjìnnì, ẹ má bínú, mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù yẹn rọrùn ju ìjà lọ.

Ó ku ewé. Lójú tèmi, ewé kì í ṣe ìdọ̀tí, igi ló bí i. Ṣé dandan ni kí a máa kó o?

Bàbá-Páìpù fèsì pé:

Lábẹ́ igi, kì í ṣe ìdọ̀tí. Lójú títì, ó di ìdọ̀tí. Bí omi ṣe ń rẹ ewé tí mọ́tò ń tẹ̀, fọsifọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ á máa yọ́ jáde, oúnjẹ ohun aláwọ̀ ewé tí Ọlọ́gbà sọ nìyẹn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, ní Madison, Wisconsin, fi hàn pé níbi tí wọ́n ti kó ewé kúrò lójú títì kí òjò tó rọ̀, fọsifọ́rọ́ọ̀sì inú àgbàrá ìgbà ìwọ́wé fi ohun tó ju ìdá 80 nínú 100 dín kù. Bí àdúgbò yín bá lè ṣe ẹyọ ohun kan lọ́dún yìí, kí ẹ gbá títì kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ewé nìkan kọ́, eruku taya àti iyanrìn á bá a lọ. Ẹ má gbá a sí gọ́tà o.

Ohun tí màá ní kí ẹ gbé lọ sípàdé nìyí. Kí wọ́n ṣe gọ́tà wọn lókè, níbi tí ilé ti fún pọ̀. Bó bá kù díẹ̀ kó dé odò, kí wọ́n dá kọnkéré dúró, kí wọ́n fẹ ojú rẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kí wọ́n gbin koríko sí i, kí wọ́n sì fi òkúta dábùú rẹ̀ níbi mélòó kan, kí omi lè máa rìn dípò kó máa sáré. Níbi tí kọnkéré ti parí, ẹ gbẹ́ kòtò iyanrìn kan. Ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, ẹni tí yóò máa kó iyanrìn inú rẹ̀ àti ìgbà tí yóò máa kó o. Mo ti rí ọ̀pọ̀ kòtò bẹ́ẹ̀ tó kún dẹ́nu torí pé gbogbo ènìyàn rò pé ẹlòmíràn ló ni ín.

Omíyalé fèsì pé:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Afárá tóóró tí Bàbá ń sọ, ó wà lóòótọ́, lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Iyanrìn tí wọ́n kó síta ló dí i. Mo ti bá onílé náà sọ̀rọ̀, kò dá mi lóhùn.

Ará-Ìsàlẹ̀-Odò fèsì pé:

A ó jọ lọ bá a, èmi àti ẹ̀yin.

Bàbá-Páìpù fèsì pé:

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ mẹ́nu kan odò, ẹ má sì mẹ́nu kan àgbàrá. Ẹ sọ fún un pé owó iyanrìn rẹ̀ ló ń ṣàn lọ. Kó fi tapólì bo òkìtì náà, kó fi òkúta wúwo tẹ etí tapólì mọ́lẹ̀, kó sì to àpò tí wọ́n rọ iyanrìn kún sí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò ní gbà ju ìdajì ọjọ́ lọ.